Ilé Tàbí Ìbò

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ìka yín lé e," ni akọ̀wé náà wí. "Tí ẹ bá ti gbé e lé e báyìí, ó parí nìyẹn. Gíláàsì yìí kì í gbàgbé."

Ìbídùnní fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, èkejì funfun. Wọ́n ya ilé kékeré kan sára ti aláwọ̀ ewé. Àtàǹpàkò ni wọ́n yà sára funfun. Èèyàn mẹ́fà ló ti wọlé ṣáájú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, aláwọ̀ ewé sì ni gbogbo wọn tẹ̀ láìtilẹ̀ jókòó. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jáde.

Ṣíjúadé ni orúkọ tó ń tàn láyà akọ̀wé náà. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn tó.

"Ilé ni ẹ fẹ́ mú, Ìyá, tàbí ìbò?"

"Tún òfin náà sọ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n tún un sọ."

Ọmọ náà kà á bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì tó ti há sórí láti kékeré. "Ẹni tó bá pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, iṣẹ́ rẹ̀ ti tó. Tó bá mú ilé, ìjọba á fún un ní yàrá, oúnjẹ, oògùn, àti Alábàárìn kan tí yóò máa bá a gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. A ó wá yọ ìka rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ ìbò, nítorí pé ẹni tó ń jẹ kì í pín. Tó bá mú ìbò, kò sí ilé, kò sí oògùn, kò sí Alábàárìn. Yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí agbára á fi tán."

"Tí agbára bá wá tán ńkọ́?"

Ṣíjúadé wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn lè wà níbẹ̀. "Wọn ò kọ ìyẹn síbí, Ìyá."

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni mélòó ló ti mú ìbò ní Agbègbè Kẹrin wa yìí?"

"Láti bí ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹnì kankan." Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ fún yín. Tí wọ́n bá ń ka èsì, ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà ní ìlà àwọn àgbà. Bí ẹ bá dìbò, kò sí bí kò ṣe ní hàn sí gbogbo ayé, ibi tí ẹ dì í sí." Ó tún wo inú ìwé rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ bí Moyọ̀sọ́rẹ Akínmúwàgún, àbí?"

"Èmi ni mo bí i."

"Òun ni mo fẹ́ dìbò fún."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Ìbídùnní wí. Kò mọ ohun mìíràn tí ìyá lè fèsì.

Wọ́n fún un títí di agogo mẹ́rin ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ìdìbò wáyé.

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Orí odi ni gbogbo ìlú wọn wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Orí Odi. Lápá ọ̀tún rẹ̀, òkun ga débi pé ọmọdé lè na ọwọ́ kó fọwọ́ kàn án. Lápá òsì, ilé àti odò tóóró tóóró tí wọ́n gbẹ́ ṣe òpópónà lọ sísàlẹ̀, títí dé oko. Pọ́ǹpù mọ́kàndínlógún ló ń fa omi tó bá jò wọlé padà sínú òkun, tọ̀sán-tòru. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Ìbídùnní fi ṣe iṣẹ́ nídìí pọ́ǹpù keje. Títí di báyìí, tí ariwo pọ́ǹpù kò bá dé etí rẹ̀, oorun kì í kùn ún.

Àwọn ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ inú ògiri ń sọ̀rọ̀ bó ti ń kọjá lọ. Ní àsìkò ìdìbò, kò sí ògiri tí kì í sọ̀rọ̀. Èèyàn kò ní tíì kọjá ọ̀kan tán tí èkejì yóò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, ohùn kan náà sì ni gbogbo wọn ń lò láti oṣù mẹ́ta: ohùn Moyọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ọ̀dọ́ ló gbé odi ró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ mí. Ẹ dìbò fún Ẹgbẹ́ Ìdẹ̀ra."

Ohùn náà dùn. Ó jinlẹ̀ ju bí ó ti ṣe wà nígbà tó ń kọ́ ìwé kíkà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ìyá mìíràn ì bá máa yangàn. Ìbídùnní kàn ń yára rìn.

Òpópó Ìsinmi ni wọ́n kó àwọn tó ti mú ilé sí. Yàrá mọ́kànlélọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n kọjú sí oòrùn, wọ́n mọ́ tónítóní. Ìjọba máa ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì gbé ibẹ̀ fún oṣù kan kó tó yàn, kó lè mọ adùn ohun tó ń yàn. Oṣù yẹn ni Ìbídùnní ń lò parí lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá Moyọ̀," ni Alábàárìn wí bí ó ti ṣílẹ̀kùn. Ohun èlò náà kò tóbi ju agbọ̀n ẹja lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ojú kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, àti ohùn bíi ti obìnrin tó ti tọ́mọ rí. "Ẹsẹ̀ yín á ti máa dùn yín. Mo ti gbé omi kaná."

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, Ìbídùnní kọ̀ láti dá a lóhùn. Ó ní òun kì í bá agbọ̀n sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ló ṣàdédé rí i pé òun ti ń rọ́ àlá tí òun lá fún un, tó ti rọ́ ọ dé ìdajì kó tó fura. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n kò dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ó rọ́ ọ tán. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyẹn di ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó lá.

Ó bọ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìmí Bàbá Akíntimẹ́hìn. Fù-ú. Fù-ú. Fù-ú.

Bàbá Akíntimẹ́hìn ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbé etí lé ara pọ́ǹpù láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni bàbá náà. Ọ̀rinrin inú kòtò pọ́ǹpù ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, láìsí ẹ̀rọ náà kò lè mí dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, Ìbídùnní lọ bá a.

"Ẹ kúulé, Bàbá."

"Ìbídùn! Ṣé o ti gba kọ́kọ́rọ́?"

"Mi ò tíì gbà á, sà."

Bàbá náà yí ojú sí i. Ìbòjú ẹ̀rọ wà nímú rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀ kó lè sọ̀rọ̀. "Kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìdẹ̀ra ní àwọn máa ṣe. Wọ́n ní àwọn á gba Alábàárìn lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìmí kò ní ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ara ògiri ni mo ti gbọ́ ọ. Ohùn ọmọ rẹ mà dùn o."

"Bàbá!"

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Ohùn rẹ̀ dùn." Ó dá ìbòjú padà, ó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún gbé e sókè. "Mú ilé, ọmọ mi. Ìbò kan kò lè lé òkun sẹ́yìn. Ní tèmi, wákàtí mẹ́fà ti tó mi láti fi bú gbogbo ẹni tó yẹ kí n bú."

"Tí gbogbo wa bá mú ilé, ta ni yóò wá sọ tẹnu wa?"

"A ti ń dákẹ́ láti ọdún mọ́kànlá, ta ló béèrè ìdí ẹ̀?" Bàbá náà na ìka sí fèrèsé, sí òpópó tó dákẹ́ rọ́rọ́. "Ọjọ́ wo ni ẹnìkan yà síbí kẹ́yìn, tó ní kí la fẹ́?"

Ìbídùnní rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ti kéde pé àwọn ọkọ̀ ojú omi Ẹgbẹ́ Ìdẹ̀ra yóò yíká Agbègbè Kẹrin. Ó wọ ìró àti bùbá rẹ̀ tó dára jù, ó se ọbẹ̀ ẹja, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ọkọ̀ wọn ní oríta, márùn-ún, pẹ̀lú àsíá àti orin. Moyọ̀ wà nínú èyí tó ṣáájú, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń juwọ́ sí àwọn ilé òdìkejì. Awakọ̀ ọkọ̀ tó kẹ́yìn fẹ́ yà sí Òpópó Ìsinmi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló pariwo mọ́ ọn, omi sì gbé ohùn rẹ̀ wá láìkù síbì kan: "Má yà síbẹ̀, kò sí ìbò níbẹ̀!"

Ọkọ̀ náà tọ́ lọ. Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà títí orin náà fi jìnnà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ akọ̀wé dé yìí gan-an, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Alábàárìn ló kọ́kọ́ mọ̀. "Màmá, ọmọ yín ni," ló wí, inú Ìbídùnní sì bà jẹ́ láti gbọ́ bí ó ti sọ ọ́, bí ẹni ń kéde nǹkan tí ojú kò rí rí.

Moyọ̀ dá wá ni. Aṣọ lásán ló wọ̀, kò fi àsíá ẹgbẹ́ sáyà. Ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kọ́. Ọdún méjì ni." Ṣùgbọ́n ó ti fà á dìde, ó ti gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "O ti rù. Jókòó. Pupurú àti ọbẹ̀ ẹja wà nílẹ̀."

Moyọ̀ jẹun bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń yọ egungun ẹja sọ́tọ̀ fún un bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ọmọ náà sì jẹ́ kó yọ ọ́. Ìbídùnní rò ó lọ́kàn pé bí òun bá lè fi gbogbo ohun tí òun ní ra ìṣẹ́jú yìí kó gùn sí i, òun á rà á.

Moyọ̀ wá fọ ọwọ́. "Wọ́n ní ẹ ò tíì yàn."

"Àwọn wo?"

"Orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ẹgbẹ́ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́."

Ìbídùnní rọra gbé abọ́ ẹja sílẹ̀. Ó ti yé e báyìí. Ọdún méjì ni kò fi rí ọmọ rẹ̀ sójú; ìbò kan tó kù lọ́wọ́ òun ló gbé e wá.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ mú ilé, Màámi. Kí ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ó tẹ̀ síwájú. "Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí ohun tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló ń gbọ́ bùkátà àgbàlagbà kan. Lónìí, a ò pé méjì. Àwọn ojúgbà mi ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọn kì í rí ọmọ wọn sójú. Ẹ rántí Ọ̀pẹ́yẹmí tó máa ń wá jẹun nílé wa? Ó ṣe ẹlẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tó já sínú kòtò. Oorun ló gbé e lọ lórí ìdúró. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Èmi ni mo gbé e jáde," ni Ìbídùnní wí.

Moyọ̀ gbé ojú sókè wò ó.

"Pọ́ǹpù keje ni. Èmi ni mo gbé e jáde, mo sì pa ojú rẹ̀ dé. Kí o má rò pé mi ò mọ̀."

"Tí ẹ bá mọ̀, kí ni ẹ ṣì ń rò?"

Láti ẹ̀yìn ògiri, fù-ú, fù-ú. Moyọ̀ yíjú sí ibẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Bàbá Akíntimẹ́hìn."

"Ó ṣì wà láàyè?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rí i mú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá yẹn ló máa ń gbé e kọ́ ọrùn lọ wo òkun nígbà tó wà ní kékeré, tó ń pè é ní ìyàwó mi.

"Ó ṣì wà láàyè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló fi ń mí lóòjọ́, bíi tìẹ."

Omi lé sí Moyọ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Mi ò lè ka àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, Màámi. Tí mo bá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò ní lè ṣe nǹkan kan." Ó nu ojú. "Ní tiyín, mo lè rí sí i pé wọn ò fọwọ́ kan án. Ilé yín, oògùn yín, agbọ̀n yìí. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

"Tèmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan ni ìyá mi."

"Àwọn ọgọ́rin tó kù ní òpópó yìí ńkọ́? Àwọn náà bímọ."

Moyọ̀ dìde, ó wo aago. Ó ní àwọn kan ń dúró de òun ní Agbègbè Kẹta. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. "Tí wọ́n bá ka ìbò yẹn jáde níṣojú gbogbo èèyàn, wọ́n á ní ìyá tó bí mi lọ́mọ kò gbà mí gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ má ṣe é sí mi."

Lẹ́yìn tó lọ, Ìbídùnní jókòó ti abọ́ náà. Pupurú ṣẹ́kù ìdajì. Kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù.

"Ṣé kí n ka nǹkan fún yín, Màmá?" ni Alábàárìn bi í.

"Rárá." Ó yíjú sí i. "Bí mo bá dá ọ padà lọ́la, ṣé wàá rántí mi?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n á nù mí mọ́, wọ́n á gbé mi fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo wà pẹ̀lú yín báyìí."

Ó wu Ìbídùnní kí ohun èlò náà parọ́ fún òun. Èèyàn ì bá parọ́. Ó nawọ́, ó fi lé orí rẹ̀, ibi tó gbóná díẹ̀ lókè ojú rẹ̀, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìbò. Bàbá Akíntimẹ́hìn kò bẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ Àdéhùn, tó ní àwọn ń jà fún àwọn àgbà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé. Ìdí sì wà fún un láti mú ilé: orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì ṣeé dá rà. Ṣùgbọ́n bó ti ń yí ọ̀rọ̀ náà sókè sódò, ibì kan náà ló ń já sí, oríta yẹn, níbi tí ọkọ̀ márùn-ún ti kọjá. Bí òun bá mú ilé, kò tún sí ọkọ̀ kankan tí yóò yà sí òpópó yìí mọ́, títí òun yóò fi kú, kódà ti ọmọ òun.

Ní agogo mẹ́ta ọjọ́ kejì, ó gbé Alábàárìn lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì. "Ẹ káàsán, Ṣíjúadé," ni ohun èlò náà kí akọ̀wé, tayọ̀tayọ̀.

Ṣíjúadé wò ó, ó wo ìyá náà. "Ìyá, ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú," ni Ìbídùnní wí, ó sì gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì funfun.

Ó tutù. Ohun tó fi ara mọ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ ìdìbò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbò dídì ní ojúde láàárọ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Kò pẹ́ rárá kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí ka èsì. Èrò pọ̀ ní ojúde. Moyọ̀ dúró lórí pèpéle láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn, nídìí òpó kan, àpò aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ti ní kó kó kúrò ní Òpópó Ìsinmi kí oòrùn tó wọ̀.

Ògiri kà á láti orí àwọn ọ̀dọ́. Ìdẹ̀ra ló ń ṣáájú láàárín àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó jìnnà gan-an, àwọn èèyàn sì ń hó. Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún pín sí méjì. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta fún Àdéhùn ní púpọ̀, ariwo sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ti wọ́pọ̀ kí ògiri dákẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò dákẹ́.

"Ọdún méjìdínláàádọ́rin sókè," ló wí. "Ìbò kan. Ìdẹ̀ra, òdo. Àdéhùn, ọ̀kan."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yíjú wá ẹ̀yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ojú fi wà lára obìnrin tó dúró nídìí òpó. Ìbídùnní kò wo ìkankan nínú wọn. Moyọ̀ ló ń wò. Moyọ̀ náà ń wò ó láti orí pèpéle, ẹ̀rín tó fi sẹ́nu fún àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀, kò ráàyè kó o kúrò.

Ògiri wá kéde pé Moyọ̀sọ́rẹ Akínmúwàgún ló wọlé, pẹ̀lú ìbò irínwó ó lé mẹ́tàlá. Ariwo sọ. Wọ́n gbé e sókè lórí èjìká.

Ìbídùnní ti dé èbúté, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí pọ́ǹpù keje, nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sá fún àwọn èrò. Ó ń mí gúlegúle, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí pákó èbúté, wọ́n kọjú sí omi.

"Mo wọlé," ni Moyọ̀ wí.

"Mo gbọ́. O kú oríire."

"Ẹ mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìbò yín kò lè yí nǹkan kan padà." Ó ju bàtà rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló wá dé, Màámi? Kí ló dé tí ẹ fi pàdánù ilé yín nítorí ìbò kan tí kò ṣe nǹkan kan?"

Ìbídùnní rò ó dáadáa kó tó dáhùn. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ lára gbogbo ògiri ìlú yìí. Mi ò rí ibi tí mo lè dúró sí kí ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ibi kan ṣoṣo tí mo rí nìyẹn."

Moyọ̀ gbé orí lé orúnkún. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

"Mi ò lè yí i padà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Wákàtí mẹ́fà yẹn. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún wọn. Òun ni wọ́n torí ẹ̀ dìbò fún mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá máa bá mi gbé. Yàrá kan wà."

"Ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn Bàbá Akíntimẹ́hìn, láti mọ̀ bóyá ó jí?" Ìbídùnní gbé àpò rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. "Ilé pọ́ǹpù ni màá máa sùn, láti ibẹ̀ mo lè máa yà kí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣíwọ́. Lọ. Wọ́n ń wá ọ."

Lóòótọ́, ọkọ̀ ẹgbẹ́ ti yọ ní igun, ó ń fun fèrè. Moyọ̀ dìde. Ó wá yí padà, ó kúnlẹ̀ sórí pákó tútù náà pẹ̀lú aṣọ ìborí rẹ̀ tuntun, ó tẹrí ba. Láti kékeré ni kì í jáde nílé láìgba àdúrà.

Ìbídùnní gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí. Ó wá ọ̀rọ̀, èyí tí gbogbo ìyá ń sọ láti ayébáyé ló sì bọ́ sí i lẹ́nu, kò wá a jìnnà. "O ò ní ṣìnà. O ò ní jìn sí kòtò. Wàá dàgbà, Moyọ̀. Wàá darúgbó."

Ó dúró kí ọmọ náà ṣe àmín.

Moyọ̀ la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù tí ìyá náà kò tíì rí níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde, ó sáré wọ ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ láàárín orin àti àsíá.

Láàárín odò, ó yíjú padà. Ẹnu rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n orin pọ̀, omi sì ti fẹ̀ láàárín wọn, Ìbídùnní kò lè mọ ohun tó sọ. Ó tẹ́tí títí ọkọ̀ náà fi wọ igun.

Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àmín àdúrà náà. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí pọ́ǹpù keje.